Bí a ṣe ń dá ọrun ẹlẹ́ṣin tí a kò mọ̀ rí mọ̀, kí a tó fi ta ọfà

Bí ọrun ẹlẹ́ṣin bá dé ọwọ́ yín ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló kó o ti òkè òkun dé. Kò sí ìwé tó bá a wá, ọsán rẹ̀ lè ti sọnù, ẹni tó fún yín kò sì mọ̀ ju pé wọ́n sọ fún òun pé ọrun àwọn ará Mòǹgólíà ni. Ẹ má tíì fà á. Inú pálọ̀ ni púpọ̀ nínú irú ọrun bẹ́ẹ̀ ti ń fọ́, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e, nítorí pé ẹni tó gbé e ti pinnu ohun tó jẹ́ kó tó wò ó dáadáa. Ìrísí ọrun náà ló máa sọ ìhà tó ń tẹ̀ sí, ibi tí ẹ lè fà á dé, àti irú ọfà tó yẹ ẹ́.

Ọrun tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ jẹ́ igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́, tí a fi ọsán awọ sí. Ti ẹlẹ́ṣin yàtọ̀. Ó ní láti kúrú kí ẹni tó wà lórí ẹṣin lè gbé e kọjá lórí ọrùn ẹṣin láti òsì sí ọ̀tún, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ lágbára bí ọrun gígùn. Igi nìkan kò lè ṣe é. Igi kúkúrú tí a bá fà jìnnà máa ṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Éṣíà fi lẹ nǹkan mẹ́ta pọ̀: ìwo ní inú, igi ní àárín, iṣan ẹran ní ẹ̀yìn. Ìwo lè gba kí a fún un pọ̀ gan-an, iṣan lè gba kí a nà án, igi sì so àwọn méjèèjì mọ́ra.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ra wọn: inú ọrun ni ìhà tó kọjú sí ẹni tó ń ta ọfà, ẹ̀yìn ọrun sì ni ìhà tó kọjú sí ohun tí à ń ta. Apá ọrun ni òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń tẹ̀. Ṣóńṣó líle tó wà ní ìpẹ̀kun apá kọ̀ọ̀kan, tí kì í tẹ̀, ni àwọn tafàtafà ń pè ní siyah. Orúkọ yẹn náà la ó máa lò.

Ìhà wo ló ń tẹ̀ sí?

Bí ẹ kò bá ka ibòmíràn, ẹ ka ibí yìí. Ọrun ẹlẹ́ṣin tó dára, tí kò ní ọsán lára, máa ń tẹ̀ síwájú, sí ìhà ẹ̀yìn rẹ̀. Ti àwọn ará Kòríà tilẹ̀ lè ká débi pé ṣóńṣó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bó ṣe tẹ̀ yẹn náà ni yóò ṣe tẹ̀ bí a bá fi ọsán sí i, á wá fi ọsán so ó bẹ́ẹ̀, á sì fà á. Òdìkejì gan-an ni ó yẹ kó tẹ̀ sí. Iṣan tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn á wá máa fún pọ̀, ìwo inú á máa nà, kò sì sí èyí tó lè gbà á nínú wọn. Á là.

Àmì mẹ́rin ni ẹ máa wò, ẹ má sì gba ẹyọ kan gbọ́ láìrí òmíràn tó tì í lẹ́yìn. Ẹ wo kòtò tí ọsán ń wọ̀ ní ṣóńṣó: ó máa ń dagun, ìdagun náà sì ń sá wá sí ìhà inú ọrun. Ẹ wo ibi ìdìmú: níbi tó bá ti yọ jáde bíi kókó, inú ọrun ni ó sábà máa ń yọ sí, kí ó lè kún àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wo bóyá igi, awọ tàbí egungun kékeré kan wà níbi tí siyah ti pàdé apá. Afárá ọsán nìyẹn, orí rẹ̀ ni ọsán máa ń jókòó lé, nítorí náà inú ọrun ló wà. Ẹ̀kẹrin ni siyah fúnra rẹ̀: bí ọsán bá wà lára ọrun, orí rẹ̀ á kọjú sí iwájú, kúrò lọ́dọ̀ yín.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ apá ọrun. Bí ẹ bá rí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó tò lé ara wọn, tí ojú rẹ̀ sì ń dán, fáíbà àti igi ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Èyí ló wọ́pọ̀ jù láyé òde òní, òun ló sì rọrùn jù láti tọ́jú. Bí awọ bá bo gbogbo apá, tí wọ́n rán an ní ìhà inú, tí ó wúwo lọ́wọ́, tí apá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ nígbà tí kò ní ọsán, fáíbà líle kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ awọ náà, wọ́n sì fi siyah onígi kan án lórí. Ó lè má yára, ṣùgbọ́n ó le, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ́.

Ti ìwo gidi fúyẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Inú rẹ̀ dúdú tàbí ó ní ìlà bíi ti ìwo màlúù, ó sì ń dán. Níbi ìdìmú, ẹ̀là kan máa ń wà níbi tí ìwo apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé. Bí ó bá jẹ́ ti ìwo gidi, tó sì ti pẹ́ láìní ọsán, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ gbé e kọ́ ògiri títí ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ á fi dé. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mú un gbóná díẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tọ́ apá rẹ̀, ẹni méjì ni wọ́n sì sábà máa ń fi ọsán sí i. Ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọrun fáíbà.

Ti ilẹ̀ wo ni?

Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ní títẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo siyah àti afárá ọsán.

Bí ó bá kúrú gan-an, nǹkan bíi 110 sí 120 sẹ̀ǹtímítà, tí siyah rẹ̀ kúrú, tí kò ní afárá, tí ìdìmú rẹ̀ sì wú ní àárín, ìrísí ti Tọ́kì ni. Àwọn ará Istanbul fi irú rẹ̀ ta ọfà jìnnà débi pé wọ́n gbé òkúta sí pápá Okmeydanı láti máa sàmì sí ibi tí ọfà balẹ̀. Nǹkan bí ínṣì 28 ni wọ́n ń fà á dé. Ẹ má ṣe kọjá bẹ́ẹ̀.

Ti Kòríà gùn díẹ̀ jù ú lọ. Siyah rẹ̀ kì í dúró gbọọrọ, ó ń ká lọ mọ́ apá ni, afárá awọ kékeré sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ń fà á dé ínṣì 31 tàbí 32, wọ́n sì ń ta á sí ibi tó jìnnà tó mítà 145. Ìyàlẹ́nu ni pé ọrun tó kúrú bẹ́ẹ̀ lè gba ìfà tó gùn tó báyìí, ṣùgbọ́n bó ṣe ká síwájú nígbà tí kò ní ọsán ló fún un lágbára yẹn.

Siyah gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró gbọọrọ ní ìgun sí apá, láìsí afárá, ní ọrun tó gùn tó nǹkan bíi 130 sí 145 sẹ̀ǹtímítà: ti Họ́ńgárì ni. Òun lẹ máa bá pàdé jù. Láti ìgbà tí Lajos Kassai ti jí eré ìtafà lórí ẹṣin dìde ní Họ́ńgárì ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn oníṣẹ́ ọrun ti ń ṣe irú rẹ̀ káàkiri. Ínṣì 28 sí 30 ni ìfà rẹ̀.

Bí siyah bá tóbi, tó gùn, tí afárá ọsán sì yọ gbangba, tí gbogbo ọrun sì gùn ju 150 sẹ̀ǹtímítà lọ, ti àwọn Manchu ilẹ̀ Ṣáínà ni tàbí ti Mòǹgólíà tó tẹ̀lé ìrísí rẹ̀. Ọfà tó wúwo ni wọ́n ṣe é fún, ìfà rẹ̀ sì lè dé ínṣì 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi ọfà fífúyẹ́ sí i, siyah ńlá yẹn á máa gbọ̀n yín lọ́wọ́.

Èyí tó kúrú tí ìdìmú rẹ̀ wọlé sẹ́yìn, tí apá rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì bí ejò, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì ká, ìrísí ti àwọn Scythian, àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́ kan, ni. Bí apá ìsàlẹ̀ bá kúrú ju ti òkè lọ, ẹ má rò pé ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti àwọn Hun, tí àwọn náà jẹ́ ẹlẹ́ṣin àtijọ́. Èyí tó gùn ju mítà méjì lọ, tí ìdìmú rẹ̀ sún sí ìsàlẹ̀, ti Jàpáànù ni, ìlànà tirẹ̀ sì dá wà.

Ẹ wá àkọsílẹ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí "35# @ 28", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ìfà rẹ̀, ìyẹn agbára tí a máa fi fà á, jẹ́ pọ́ùn 35, nǹkan bíi kìló 16, bí a bá fà á dé ínṣì 28. Ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà náà tán kí ẹ tó fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n.

Àyẹ̀wò

Ẹ fi òwú tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì nu gbogbo apá, láti ìdìmú dé ṣóńṣó, inú àti ẹ̀yìn. Níbi tí òwú bá há sí, fáíbà ti ń ṣí níbẹ̀. Ẹ fi èékánná ti ìlà gọ́ọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo oríkèé siyah dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni agbára ń kóra jọ sí jù. Ìlà funfun kékeré tó dá ní ìbú lórí fáíbà burú ju èyí tó lọ ní òòró: ti ìbú sọ pé ọrun ti ń ṣẹ́. Ọrun tó bá ní i, ẹ má fi ta ọfà mọ́.

Ọsán

Ọsán já, ọrun dọ̀pá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọsán tó bá já lẹ́nu ìfà lè ba ọrun jẹ́. Èyí tó bá a wá, tí ó ti gbó, tí ó yọ òwú wúruwùru, ẹ sọ ọ́ nù. Dacron, irú òwú pólíẹ́sítà kan, ni kí ẹ fi ṣe tuntun. Òwú 12 tó fún ọrun tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìló 18 lọ. Ó ń nà díẹ̀, ìyẹn ló sì ń dáàbò bo ṣóńṣó ọrun tí ẹ kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Okùn ìpẹja àti náílọ́nù lásán kò dára, wọ́n ń nà jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọsán tó kúrú ju gígùn ọrun lọ ní 7 sí 10 sẹ̀ǹtímítà.

Láti fi ọsán kọ́ ọrun, ẹni méjì ló dára jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnì kan á jókòó, á fi ìdìmú ti orúnkún rẹ̀ méjèèjì, inú ọrun sí i lára, á fa apá méjèèjì wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹnì kejì á fi ojú ọsán sínú kòtò. Bí ẹ bá dá wà, ẹ fi ojú ọsán kan sí ṣóńṣó ìsàlẹ̀, ẹ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ àárín ọsán àti ọrun, kí ìdìmú wà lẹ́yìn itan, kí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ wà níwájú ọrùn ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ wá ti apá òkè síwájú. Ewu ọ̀nà yìí ni pé ọwọ́ máa ń lọ́ apá òkè sí ẹ̀gbẹ́ láìmọ̀. Ẹ ti í tààrà. Ojú yín kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀gangan ṣóńṣó.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ojú ọsán méjèèjì ti wọlé. Ẹ gbé ọrun sókè, kí ẹ fi ojú kan wo ọsán láti ṣóńṣó kan sí èkejì: ó gbọ́dọ̀ pín ìdìmú sí méjì ọgbọọgba, kí ó sì gba àárín siyah méjèèjì kọjá. Bí ó bá yà ní mìlímítà kan tàbí méjì, kò burú. Bí ọsán bá ti fẹ́ bọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ siyah, ẹ tú u kíá, nítorí ọrun tó ní siyah gígùn lè yí padà lójijì ní ọwọ́, tí ọsán á sì bọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn àlàfo láti ìdìmú dé ọsán. Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 19 ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá kéré jù, ọsán á máa nà yín ní ọrùn ọwọ́: ẹ lọ́ ọsán sí i kí ó kúrú. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ tú ìlọ́ rẹ̀ díẹ̀.

Wíwọn ìfà

Ìwọ̀n kékeré oníkọ́kọ́, irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn báàgì, ti tó. Ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ há ọsán láàárín, ẹ di ìdìmú mú, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa fi téèpù wọn láti ọsán dé ibi tó jìn jù ní ìdìmú. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 4.5 kún ohun tí téèpù sọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọrun ṣe ń kà á. Fún àpẹẹrẹ, sẹ̀ǹtímítà 66.5 lórí téèpù ni ínṣì 28.

Ẹ má fà á dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà á dé ìlàjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ máa dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ máa tẹ́tí. Ariwo awọ tó ń há mọ́ra kò burú. Ariwo "kẹ́" kan ṣoṣo burú. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi ínṣì kan kún un, kí ẹ sì máa kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Lára ọrun tó bíi kìló 16, ínṣì kọ̀ọ̀kan máa ń fi nǹkan bíi kìló kan kún un. Níbi tí ínṣì kan bá ti fò dé kìló méjì, òpin ọrun náà nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ fi ínṣì kan sílẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, kí ẹ má sì kọjá a mọ́ láé. Bí ọwọ́ yín bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọrun náà kì í ṣe tiyín.

Ẹ má sì fa ọrun, kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ á padà sínú apá ọrun, á sì là á.

Ọfà

Ìwúwo rẹ̀ ló ń dáàbò bo ọrun. Ẹ fi ìwọ̀n ìfà ní kìló ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú 1.5, ohun tó bá jáde ni gíráàmù tó kéré jù tí odindi ọfà gbọ́dọ̀ wọ̀n. Fún kìló 16, gíráàmù 24 nìyẹn. Gígùn ọfà gbọ́dọ̀ ju ìfà yín lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, nítorí orí ọfà tó bá kúrú lè bọ́ sí ìhà inú ọrun, kí ó sì gún ọwọ́ tó di ìdìmú mú.

Ọrun ẹlẹ́ṣin kò ní pẹpẹ tí ọfà lè sùn lé. Orí ọwọ́ yín ló ń gbà kọjá, ó sì ní láti yí ọrun po kó tó lọ tààrà. Nítorí náà ọ̀pá tó rọ̀ díẹ̀ ló ń fẹ́. Fún ọ̀pá kábọ́ọ̀nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 600 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀pá ṣe rọ̀ tó) fún ọrun pọ́ùn 35 sí 40, àti 700 tàbí 800 fún 25 sí 30. Nọ́ńbà tó ga ló rọ̀ jù. Ọ̀pá igi tí ìlà rẹ̀ bá yà jáde ní ẹ̀gbẹ́ máa ń ṣẹ́ dagun, ẹnu rẹ̀ á sì mú. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ìyẹ́ gidi ni kí ẹ lò, má ṣe lo rọ́bà. Ìyẹ́ á tẹ̀ bó bá kan ọwọ́, rọ́bà á ta ọfà dànù. Ìyẹ́ apá tòlótòló dára, ẹ sì lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa tòlótòló tà lásìkò ọdún. Mẹ́ta ló ń lọ sórí ọfà kan, kí gbogbo wọn wá láti apá kan náà, ìyẹn òsì nìkan tàbí ọ̀tún nìkan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Ẹ fi òwú àti gọ́ọ̀mù dì iwájú ìyẹ́ náà kí ó tẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ya ìka yín. Ẹ̀là ìdí ọfà gbọ́dọ̀ di ọsán mú díẹ̀: kí ọfà lè so rọ̀ lórí ọsán, kí ó sì jábọ́ bí ẹ bá fi ìka ta ọsán.

Títa

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá ń fi ìka mẹ́ta fà á, ọfà á wà ní òsì ọrun fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá ń fi àtàǹpàkò fà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Tọ́kì, Kòríà àti Manchu ti ń ṣe, ọ̀tún ló máa wà. A fẹ́ràn ti àtàǹpàkò fún ọrun kúkúrú, torí ìgun ọsán rẹ̀ máa ń há ìka mẹ́ta pọ̀. Ẹ ká àtàǹpàkò mọ́ ọsán lábẹ́ ọfà, ẹ fi ìka tó tẹ̀lé e lé èékánná rẹ̀, kí ìdí ìka yẹn rọra ti ọfà mọ́ ọrun. Òrùka awọ líle tó bo inú àtàǹpàkò máa gbà yín lọ́wọ́ ìrora. Ẹni tó ń rán bàtà lè gé e fún yín. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò fà á tí ó sì gbé ọfà sí òsì á rí i pé ọfà ń jábọ́ ṣáá.

Àgbàlá Bẹẹrẹ tàbí Òkè-Àdó kò gba eré yìí. Ọfà ọrun kìló 16 lè fò ju mítà 100 lọ. Ẹ wá pápá tí ẹ gba àṣẹ rẹ̀ tàbí oko lọ́nà Mọ́níyà tàbí Ìdó, kí òkìtì ilẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ń ta. Àpò ìrẹsì kìló 50 tí ẹ fi àkísà dí pinpin tó fún àmì. Ẹ yọ bọ́tìnì àti síìpù kúrò lára àkísà náà, nítorí wọ́n máa ń fọ́ orí ọfà.

Mítà márùn-ún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí àpò wà ní ọ̀gangan àyà. Ẹ fi òwú sàmì sórí ọsán ní nǹkan bíi mìlímítà 5 sí 10 sókè ju ibi tí ọfà á ti dúró gún régé sí ọsán, kí ìdí ọfà máa jókòó síbẹ̀. Ta méjìlá kí ẹ tó ṣàtúnṣe ohunkóhun. Bí ìdí ọfà bá dorí kọ òkè nínú àpò, ẹ sọ àmì náà kalẹ̀. Fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò fà, tó jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ọfà tó le jù máa ń yà sí ọ̀tún, èyí tó rọ̀ jù sì ń yà sí òsì; fún ìka mẹ́ta, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ọ̀pá bá le jù, ẹ fi orí ọfà tó wúwo sí i kí ẹ tó ra òmíràn.

Ìtọ́jú

Ẹ tú ọsán lẹ́yìn eré. Ẹ fi ọrun sùn ní ìbú lórí èèkàn méjì. Ẹ má fi ṣóńṣó gbé e ti ògiri. Ohun tó ń pa ọrun fáíbà ní Ìbàdàn ni búùtù ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn: inú rẹ̀ lè ju 50°C lọ, gọ́ọ̀mù á sì rọ̀. Ti ìwo ní ọ̀tá méjì. Ọ̀rinrin ìgbà òjò máa ń mú gọ́ọ̀mù awọ inú rẹ̀ rọ̀, tí apá á fi lọ́. Àwọn ará Kòríà ń tọ́jú tiwọn sínú àpótí tó móoru díẹ̀ nítorí èyí. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń gbẹ jù, ìwo á sì sán. Ìyàrá tí kò gbà ooru oòrùn tààrà, tó jìnnà sí ògiri tó ń mu omi, ló dára jù. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, ẹ tún fi òwú nu apá rẹ̀ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún ìfà rẹ̀ wọ̀n. Bí ó bá ti dín ní kìló méjì sí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, nǹkan kan ti ń ṣí nínú rẹ̀.